Ọkọ̀ àlòkù wo ló lè gba síìtì ọmọ mẹ́ta, tí kò sì ní máa dá wa dúró lọ́nà?

Ìyá_Mẹ́ta:
Ẹ ǹlẹ́ o ẹ̀yin èèyàn mi. Ọ̀rọ̀ ọkọ̀ ni mo bá wá. Ọmọ méjì la ní nílẹ̀, èyí ẹ̀gbọ́n ti pé ọdún márùn-ún, àbúrò ẹ̀ ń sún mọ́ mẹ́ta, ẹ̀kẹta ṣì wà níkùn ṣùgbọ́n kò ní pẹ́ dé mọ́ lágbára Ọlọ́run. Ọkọ̀ tí à ń lò báyìí, tí mo bá ti de síìtì ọmọ méjì mọ́ ẹ̀yìn ẹ̀, àyè tó kù láàárín ò gbà ju báàgì lọ. Bàbá àwọn ọmọ ní ká kúkú ra jíìpù oníjókòó méje ká sinmi. Ohun tó ń bà mí lẹ́rù ni pé ká má lọ kówó lé ọkọ̀ gbàǹgbà tó ń mu epo, ká délé ká wá rí i pé síìtì mẹ́ta ò lè tò síbẹ̀. Àlòkù la máa rà o, tuntun ò sí nínú ọ̀rọ̀ wa rárá. Ẹ jọ̀ọ́ ẹ bá mi dá sí i, èwo ni ká wá, kí la sì máa wò ká tó sanwó?

Dírẹ́bà_Àgbà:
Àbúrò mi, a óò gbóhùn ìyá, a óò gbóhùn ọmọ o. Ọkọ yín ò jẹ̀bi. Ẹ wá Highlander tàbí Pilot tí wọ́n tọ́jú dáadáa, ẹ fi àwọn kékeré méjì sí ìlà kejì, kí ẹ̀gbọ́n wọn lọ jókòó sí ìlà kẹta, ọ̀rọ̀ bùṣe. Wọ́n ga nílẹ̀, wọ́n lágbára, párá wọn ò sì ṣòroó rí. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń wakọ̀, mi ò rí ohun tó tún yẹ ká máa rò níbẹ̀.

BàbáÌbejì:
Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú sí mi, ibi ìlà kẹta yẹn gan-an ni wàhálà wà. Báwo lọmọ ọdún márùn-ún ṣe máa débẹ̀? Nínú ọ̀pọ̀ jíìpù, àga ìlà kejì lẹ gbọ́dọ̀ ká síwájú kí èèyàn tó lè kọjá, bẹ́ẹ̀ tí síìtì ọmọ bá ti wà lórí àga yẹn, tí wọ́n ti dè é mọ́ ọn, kò ní ká mọ́. Ẹ wá fojú inú wò ó, òjò ń rọ̀, ọmọ tuntun ń sunkún lọ́wọ́, ẹ̀ ń tú síìtì kí ẹ̀gbọ́n ẹ̀ lè kọjá, ẹ tún máa tò ó padà, láàárọ̀ àti lálẹ́ o. Èmi ní ìbejì àti ẹ̀gbọ́n wọn, mo mọ ohun tí mò ń sọ.

Nǹkan mìíràn tún ni búùtù. Tí ìlà kẹta bá ti dìde dúró, ẹ wo ohun tó kù lẹ́yìn ẹ̀ nínú púpọ̀ nínú àwọn jíìpù yẹn, kẹ̀kẹ́ ọmọ ò ní wọlé. Ìlà kẹta yẹn kan náà, ọ̀pọ̀ ò ní irin tí wọ́n ń kọ́ síìtì ọmọ mọ́, òmíràn ò tiẹ̀ ní ibi tí wọ́n ń so okùn òkè ẹ̀ sí.

Ọkọ̀ onílẹ̀kùn fífà ni kí ẹ lọ wá. Sienna, Odyssey, Sharan, irú wọn. Èyí tí àga ìlà kejì ẹ̀ jẹ́ méjì tó dá dúró lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, tí ojú ọ̀nà wà láàárín wọn, ẹ̀gbọ́n á kàn rìn kọjá lọ sẹ́yìn, ẹ ò ní tú nǹkan kan. Ilẹ̀kùn yẹn sì wúlò ju bí ẹ ṣe rò lọ, torí tí wọ́n bá páàkì sún mọ́ yín, ẹ ṣì lè fà á sílẹ̀ kí ẹ gbé ọmọ sí i láì jẹ́ kí ilẹ̀kùn lọ gbá ọkọ̀ olọ́kọ̀.

Aṣọ́_Ọmọ:
Ẹ kú ìjíròrò o. Ẹ jẹ́ kí n mú un wá sórí téèpù, torí iye èèyàn tí wọ́n kọ sínú ìwé ọkọ̀ ò sọ nǹkan kan fún yín lórí síìtì ọmọ.

Síìtì tí wọ́n ṣe ní ìlànà i-Size, ìyẹn ìlànà Yúróòpù fún síìtì ọmọ, kì í sábà fẹ̀ ju 44 sẹ̀ǹtímítà lọ. Mẹ́ta jẹ́ 132. Àwọn kan ṣì wà tó fẹ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ, àwọn kan náà sì wà tó tín-ín-rín, bíi Diono Radian tó jẹ́ nǹkan bíi 43. Ìṣòro ibẹ̀ ni pé tí ẹ bá wọn ẹ̀yìn ọkọ̀ láti ilẹ̀kùn sí ilẹ̀kùn níbi èjìká, ó lè jẹ́ 140, inú yín á dùn, ẹ̀ẹ̀wẹ̀ nísàlẹ̀ níbi tí ìdí síìtì ń jókòó sí, ìgbátí ilẹ̀kùn àti ihò bẹ́líìtì ti jẹ lára ẹ̀. Ẹ wọn méjèèjì, ìsàlẹ̀ àti òkè. Lẹ́yìn náà ẹ gbé síìtì yín gan-an lọ síbẹ̀, ẹ má fi síìtì ẹlòmíì dán an wò, ẹ má sì gba ọ̀rọ̀ ẹni tó ń tà á gbọ́ tó bá ní ó gba mẹ́ta. Kí ẹ̀yin àti ọkọ yín tò wọ́n síbẹ̀ kí ẹ sì pa ilẹ̀kùn.

Ẹ ṣọ́ ihò bẹ́líìtì gidigidi. Ọ̀pọ̀ ọkọ̀ á gba síìtì mẹ́ta, gbogbo ẹ̀ á jókòó, kò sí àyè kankan láàárín wọn, ẹ wá ki ọwọ́ bọ àárín méjì kí ẹ lè fi bẹ́líìtì sí ihò ẹ̀, ìka ò kọjá, ẹ̀yìn ọwọ́ ń họ lára ike síìtì, ihò yẹn sì ti rì sábẹ́ búsítà ẹ̀gbọ́n, ìyẹn àga tó ń gbé ọmọ ga kí bẹ́líìtì ọkọ̀ lè bá a mu. Ọmọ ọdún márùn-ún tó yẹ kó lè so bẹ́líìtì fúnra ẹ̀ ò ní lè so ó, ẹ̀yin náà á wá máa kánjú, lọ́jọ́ kan ẹ ò ní gbọ́ kí ó dún kọ́ kí ẹ tó gbéra. Ibẹ̀ ló ń bà mí lẹ́rù jù nínú gbogbo ọ̀rọ̀ yìí.

Ìyá_Mẹ́ta:
Ẹ ṣeun gan-an ni. Mo ti lọ wọn tiwa. Ti àbúrò 46, búsítà ẹ̀gbọ́n 44, èyí tí a rà sílẹ̀ fún ọmọ tuntun 44. Ìyẹn já sí 134. Ta ló yẹ kó wà láàárín? Ṣé ọmọ tuntun ni àbí? Mo sì ń gbọ́ ISOFIX, ISOFIX, ṣé dandan ni kí ọkọ̀ ní mẹ́ta ẹ̀ kí n tó rà á?

Aṣọ́_Ọmọ:
Ìbéèrè tó dáa ni. ISOFIX ni àwọn irin méjì tó fara pamọ́ sí àárín ìdí àga àti ẹ̀yìn ẹ̀, 28 sẹ̀ǹtímítà ló wà láàárín wọn, síìtì ọmọ á ki ẹnu bọ̀ ọ́ á sì há. Ní Amẹ́ríkà, LATCH ni wọ́n ń pè é, ó sì ti di dandan fún ọkọ̀ tuntun níbẹ̀ láti oṣù kẹsàn-án ọdún 2002. Ṣùgbọ́n àga méjì lẹ́yìn ni òfin wọn béèrè irin ìsàlẹ̀ lé lórí, ìdí nìyẹn tí ọkọ̀ púpọ̀ fi ní in ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì tí àárín ò ní in.

Kì í ṣe dandan o. Síìtì tí wọ́n fi bẹ́líìtì ọkọ̀ dè dáadáa ò rẹlẹ̀ sí èyí tí wọ́n fi ISOFIX kọ́. Nígbà míì gan-an bẹ́líìtì ló máa gbà yín tí ẹ bá ń to mẹ́ta, torí irin ISOFIX ò ṣeé sún, ibi tó wà náà ló wà, tí ẹ bá fi bẹ́líìtì dè é, ẹ lè ti síìtì sún mọ́ ilẹ̀kùn díẹ̀ kí àárín lè gba nǹkan. Ẹ kàn má lo méjèèjì pọ̀ lórí síìtì kan àfi tí ìwé síìtì yẹn bá gbà yín láyè. Tí ẹ bá dè é tán, ẹ di í mú níbi tí bẹ́líìtì gbà kọjá, ẹ mì í sọ́tùn-ún mì í sósì, kò gbọdọ̀ sún ju 2.5 sẹ̀ǹtímítà lọ.

ISOFIX náà ní ìwọ̀n tó lè gbé. Ní ìlànà ti Yúróòpù, ọmọ pẹ̀lú síìtì ẹ̀ ò gbọdọ̀ ju 33 kílò lọ. Ní Amẹ́ríkà, ó jẹ́ nǹkan bíi 29.5. Ọmọ ọdún márùn-ún tó sanra díẹ̀ lórí síìtì tó wúwo ti ń sún mọ́ ọn, ẹ ka ohun tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ẹ̀gbẹ́ síìtì.

Tó bá dọ̀rọ̀ ẹni tó máa wà láàárín, ẹ to èyí tó kọjú sẹ́yìn sáàárín àwọn méjì tó kọjú síwájú, tàbí kí ẹ yí i padà, torí ibi tí síìtì kan ti fẹ̀ kọ́ ni èkejì ti fẹ̀, wọ́n á wá bá ara wọn mu. Ọmọ tuntun gbọ́dọ̀ kọjú sẹ́yìn, ìlànà R129, ìyẹn òfin Yúróòpù tí i-Size wà lábẹ́ ẹ̀, ní ó kéré tán títí á fi pé oṣù 15, tó bá sì lè pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ ó sàn. Orí ọmọ kékeré wúwo, ọrùn ẹ̀ sì rọ̀, tí ọkọ̀ bá fi orí sọ nǹkan, ẹ̀yìn síìtì ló máa gba orí àti ọrùn náà pọ̀, kò ní jẹ́ kí orí fò síwájú kó fa ọrùn yọ. Tó bá jẹ́ pé iwájú ló máa jókòó sí lọ́jọ́ kan, wọ́n gbọ́dọ̀ pa airbag ibẹ̀, àpò afẹ́fẹ́ tó máa ń wú jáde tí ọkọ̀ bá sọ nǹkan. Tí kò bá ṣeé pa, kó má jókòó síbẹ̀ láé.

Ẹ tún wo bẹ́líìtì àárín. Nínú àwọn ọkọ̀ tó ti pẹ́, èyí tó wà láàárín jẹ́ ti itan nìkan, kò ní ti èjìká. Búsítà ò gbọdọ̀ dé orí irú àga bẹ́ẹ̀.

Olómi_Tútù:
Ẹ jọ̀ọ́ ẹ dárúkọ ọkọ̀ fún wa, èmi náà wà lórí ọ̀rọ̀ yìí. Ojú mi wà lára Touran.

BàbáÌbejì:
Touran tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ní 2015, ìlà kejì ẹ̀ jẹ́ àga mẹ́ta tó dá dúró, gbogbo mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló ní ISOFIX. Sharan àti ìkejì ẹ̀ Alhambra láti 2010, wọ́n fẹ̀ jù ú lọ, wọ́n sì ní ilẹ̀kùn fífà. Peugeot 5008 náà ní àga mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ láàárín, Grand C4 Picasso bẹ́ẹ̀. Odyssey ti 2011 sí 2017, àwọn kan lára ẹ̀, ìlà kejì ṣeé tì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kó fẹ̀ sí i, síìtì mẹ́ta á tò sí i pẹ̀lú ìrọ̀rùn. Ẹ ki ọwọ́ bọ àárín àga kí ẹ fi ìka kan àwọn irin yẹn fúnra yín o, torí ọkọ̀ tó ń jẹ́ orúkọ kan náà lè yàtọ̀ láti ọjà kan sí òmíràn.

Aṣọ́_Ọmọ:
Tí síìtì ọmọ tuntun yín bá ní ẹsẹ̀ irin tó ń tì í nísàlẹ̀, ẹ wo ilẹ̀ ọkọ̀ náà. Àwọn ọkọ̀ ìdílé bíi Touran àti Grand C4 Picasso ní àpótí kékeré tí wọ́n gbẹ́ sábẹ́ ilẹ̀ ẹsẹ̀ ìlà kejì, tí wọ́n dé ìdérí lé. Ẹsẹ̀ irin ò gbọdọ̀ dúró lórí ìdérí yẹn láìjẹ́ pé ìwé ọkọ̀ sọ bí ẹ ṣe máa ṣe é, torí tí ọkọ̀ bá sọ nǹkan, ìdérí á wó sínú, síìtì á wá tẹ̀ síwájú. Àwọn kan ní ike tí wọ́n ń fi dí i.

Wáyà_àti_Ọ́ìlì:
Ẹ kú iṣẹ́ o gbogbo ilé. Iṣẹ́ mẹkáníìkì ni mò ń ṣe, mo ti ń ka ọ̀rọ̀ yín látòkè, ẹ ti sọ̀rọ̀ síìtì tán, ẹ jẹ́ kí n sọ ti abẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì, torí ọkọ̀ lè gba ọmọ mẹ́ta kó má lè gbé wọn dé ibì kankan.

Ẹ má ra orúkọ, ẹ ra ẹ́ńjìnnì àti gíà tó wà nínú ẹ̀. Nínú 5008 tí ẹ dárúkọ, èyí tó ní ẹ́ńjìnnì 1.2 PureTech tí wọ́n fi bẹ́líìtì ṣe táímíǹgì ẹ̀, bẹ́líìtì yẹn inú ọ́ìlì ló ń yí, tó bá ti ń gbó á máa yọ́ jẹ, àwọn ègé ẹ̀ á lọ dí ibi tí wọ́n ti ń fa ọ́ìlì, ẹ́ńjìnnì á wá máa ṣiṣẹ́ láìsí ọ́ìlì tó tó. Tí ẹ ò bá rí ìwé pé wọ́n ti pààrọ̀ ẹ̀ àti pé wọ́n ń pààrọ̀ ọ́ìlì lásìkò, ẹ fi sílẹ̀, ẹ wá èyí tó ń lo dísẹ́ẹ̀lì. Nínú Touran, ẹ bi í irú gíà tó jẹ́, DSG (gíà tó ń yí fúnra ẹ̀) ẹlẹ́yọ 7 tí kílọ́ọ̀ṣì ẹ̀ gbẹ, tí wọ́n ń pè ní DQ200, ti fìyà jẹ àwọn èèyàn, ilé iṣẹ́ tó ṣe é sì pe púpọ̀ padà ní 2013. Mánúà dára fún ẹni tó bá lè wà á, ẹlẹ́yọ 6 tí kílọ́ọ̀ṣì ẹ̀ wà nínú ọ́ìlì náà dáa jù ú lọ bí wọ́n bá ń pààrọ̀ ọ́ìlì ẹ̀. Sienna ti 2007 sí 2010 tó jẹ́ V6, ó ní ọ́ọ̀sì kan tó ń gbé ọ́ìlì lọ sí VVT-i, ẹ̀rọ tó ń darí àsìkò tí fáàfù ẹ́ńjìnnì ń ṣí, rọ́bà ni wọ́n fi ṣe é tẹ́lẹ̀, ó lè bẹ́ kó da gbogbo ọ́ìlì sílẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Wọ́n fi irin rọ́pò ẹ̀. Kí ẹ kàn wò ó bóyá irin ló wà níbẹ̀ báyìí. Tí wọ́n bá ti ṣe ìyẹn, ẹ́ńjìnnì yẹn lágbára gan-an, mo fẹ́ràn ẹ̀.

Ọjọ́ tí ẹ bá lọ wò ó, ẹ sọ fún ẹni tó ń tà á pé kó má tan án kí ẹ tó dé. Ẹ gbé ọwọ́ lé bọ́nẹ́ẹ̀tì. Tó bá ti gbóná, ó ti kọ́kọ́ tan án ni, ó lè ní ohun tó ń fi pamọ́, ẹ padà wá lọ́jọ́ mìíràn. Ohùn tó máa ń dún nígbà tó bá tutù ni ẹ fẹ́ gbọ́, èéfín àkọ́kọ́ ni ẹ fẹ́ rí, búlúù ọ́ìlì ni, funfun tó bá ń bá a lọ lẹ́yìn tó ti gbóná omi ni. Ẹ fa bẹ́líìtì ìjókòó kọ̀ọ̀kan jáde títí dé òpin, kí ẹ wo ìsàlẹ̀ ẹ̀ tó máa ń fara pamọ́. Tí ẹ bá rí ìlà ẹrẹ̀ tàbí àbàwọ́n omi níbẹ̀, ọkọ̀ yẹn ti wà nínú àgbàrá rí, wọ́n lè fọ kápẹ́ẹ̀tì, wọn ò lè fọ ibẹ̀ mọ́. Ẹ ṣí kọ́kọ́rọ́, iná airbag gbọ́dọ̀ tàn kó sì kú fúnra ẹ̀. Tí kò bá tàn rárá, ó ṣeé ṣe kí wọ́n ti yọ bọ́ọ̀bù iná ẹ̀ tàbí kí wọ́n ti gé wáyà, ọkọ̀ yẹn lè ti fi orí sọ nǹkan rí, airbag lè má sí níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ ọmọ lẹ fẹ́ fi gbé.

Ẹ fi ẹ̀rọ tó ń ka kọ̀ǹpútà ọkọ̀ wò ó, èyí tí wọ́n ń ki sábẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù, ọkọ̀ tí wọ́n ń tà ní Amẹ́ríkà ti ní ojú ẹ̀ láti 1996. Kì í ṣe pé kó ní kóòdù tàbí kó má ní lásán ni ẹ máa wò, ẹ wo bóyá àwọn àyẹ̀wò tó ń ṣe fúnra ẹ̀ ti pé. Tó bá ń kọ pé wọn ò tíì pé, ó ṣeé ṣe kí wọ́n ti pa kóòdù rẹ́ láìpẹ́ yìí tàbí kí wọ́n ti yọ bátìrì. Ẹ mú nọ́ńbà ṣáásì, ohun 17 ni lẹ́tà àti nọ́ńbà ẹ̀, ẹ yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ilé iṣẹ́ pe ọkọ̀ yẹn padà fún nǹkan tí wọn ò tíì ṣe, airbag tí ilé iṣẹ́ Takata ṣe pàápàá, ọ̀pọ̀ ọkọ̀ ló ṣì wà lójú ọ̀nà pẹ̀lú ẹ̀. Táyà náà ń sọ ọjọ́ orí ẹ̀ fún yín, nọ́ńbà mẹ́rin tó gbẹ̀yìn DOT, ìyẹn kóòdù tí wọ́n tẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ ẹ̀, 2319 túmọ̀ sí ọ̀sẹ̀ 23 ọdún 2019.

Dírẹ́bà_Àgbà:
Mo gbọ́ o. Ṣùgbọ́n ẹ má fọwọ́ rọ́ jíìpù tì pátápátá. Pathfinder láti 2013, àga ìlà kejì ẹ̀ tó wà ní ẹ̀gbẹ́ kan ṣeé tì síwájú pẹ̀lú síìtì ọmọ lórí ẹ̀, tí ọmọ ò bá tíì jókòó sí i. Ọ̀rọ̀ tí BàbáÌbejì sọ nípa ìlà kẹta, ó ti yanjú níbẹ̀.

Wáyà_àti_Ọ́ìlì:
Òótọ́ lẹ sọ, ẹ̀gbọ́n, ó ń tì síwájú bẹ́ẹ̀. CVT, gíà tó ń yí fúnra ẹ̀ tí kò ní ẹlẹ́yọ, ló wà nínú ẹ̀ láti 2013 títí wọ́n fi yí i padà sí gíà ẹlẹ́yọ 9 ní 2022, CVT yẹn ni mo ń bẹ̀rù nínú àlòkù. Tí kò bá sí ìwé pé wọ́n ń pààrọ̀ ọ́ìlì ẹ̀, tó sì ń gbọ̀n nígbà tí ẹ bá ń tẹ̀ ẹ́ díẹ̀díẹ̀ lórí òkè, èmi ò ní gbà yín nímọ̀ràn pé kí ẹ rà á.

Ìyá_Mẹ́ta:
Ẹ kú làálàá lórí ọ̀rọ̀ wa o. A ti gbé síìtì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lọ. A wo jíìpù kan àti ọkọ̀ onílẹ̀kùn fífà kan. Jíìpù gba mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ó gbà á jẹ, àmọ́ ẹ̀gbọ́n ò rí ihò bẹ́líìtì ẹ̀, ó fi ọwọ́ wá a títí ó sú u, èmi náà ò lè dé ibẹ̀. Ẹni tó ń ta jíìpù ní òun á fún wa ní àfikún tí wọ́n ń so mọ́ ẹnu bẹ́líìtì kó lè gùn sí i, àti pé ó ti parí. Nínú ti ilẹ̀kùn fífà, ẹ̀gbọ́n so tiẹ̀ fúnra ẹ̀, ó dún kọ́, ó sì wò mí bíi pé kí n pàtẹ́wọ́. Bàbá wọn ti ń tẹ̀ sí ọ̀dọ̀ èyí. Ṣé àfikún bẹ́líìtì yẹn dáa?

Aṣọ́_Ọmọ:
Rárá o, mọ̀mí, ẹ jọ̀ọ́ ẹ má gbà á. Àfikún yẹn kì í ṣe nǹkan tí ilé iṣẹ́ síìtì ọmọ máa fi ọwọ́ sí, ó ń gbé ẹnu bẹ́líìtì kúrò níbi tó yẹ kó wà, bẹ́líìtì itan á wá gun ikùn ọmọ. Tó bá jẹ́ pé okùn ihò bẹ́líìtì rọ̀, tí kì í ṣe irin, àwọn ilé iṣẹ́ síìtì kan gbà kí ẹ lọ́ ọ díẹ̀ kó kúrú, ẹ ka ìwé síìtì náà kí ẹ tó ṣe bẹ́ẹ̀. Ti jíìpù yẹn, mi ò rí ìdí tí ẹ fi ní láti máa bá a jà láràárọ̀ nígbà tí ẹ ti rí èyí tí ọmọ lè so fúnra ẹ̀.

Wáyà_àti_Ọ́ìlì:
Èmi náà fara mọ́ ọn. Kí ẹ tó sanwó fún ti ilẹ̀kùn fífà, ẹ páàkì ẹ̀ sí ibi tó dà gẹ̀rẹ́ díẹ̀, kí orí ẹ̀ kọjú sókè, ẹ ṣí ilẹ̀kùn méjèèjì kí ẹ sì tì í lọ́pọ̀ ìgbà. Ibẹ̀ ni wáyà àti kẹ̀kẹ́ kéékèèké tó ń fà á ti máa ń jẹ. Tó bá jẹ́ iná ló ń ṣí i, ẹ pa iná ẹ̀ kí ẹ fi ọwọ́ ṣí i, kò gbọdọ̀ wúwo jù tàbí kó há láàárín ọ̀nà. Ẹ wo abẹ́ irin tó ń gbà kọjá bóyá ó ti dípẹtà. Tí ìyẹn bá mọ́, tí ọ́ìlì gíà ò bá tíì dúdú tí kò sì rùn bí nǹkan tó jóná, tí ìwé àtúnṣe bá sì pé, ẹ pe mẹkáníìkì yín kó wakọ̀ náà fúnra ẹ̀ kó tó tó àkókò ìsanwó, kì í ṣe lẹ́yìn ẹ̀.